Kàǹga Ẹ̀yìnkùlé Wa

Bùráímọ̀ agbẹ́kàǹga dé láàárọ̀ Tọ́sìdeè
pẹ̀lú ṣọ́bìrì kan, díígà kan, okùn tó fi kọ́rùn bí ìlẹ̀kẹ̀.
Ó wo ilẹ̀ Ìsàlẹ̀ Afọ́n wa yìí, ó tutọ́,
ó ní tó bá di ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rìnlélógójì, òun á kan omi.

Ohun tó kọ́kọ́ kó sókè ni ọ̀rá piọ́wọ́tà,
òkú bátìrì rédíò, ìdérí ìgò tó ti dípẹtà.
Àwa nìyẹn.
Nígbà tí ihò mù ún dé ìbàdí, ọ̀nínì kan jáde,
irú èyí tí bàbá bàbá mi ìbá fi ra ẹ̀pà.
Nígbà tí ihò gbé e mì, àpáàdì ló kù tó ń bọ̀ lókè,
ìyá kan ti fi kùùkù àgbàdo yí i lára kó tó sun ún;
ìlà ọwọ́ rẹ̀ kò tíì parẹ́.
Ìdàrọ́ tẹ̀ lé e, àti eérú ààrò
tí kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó dáná rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, kò sí ọwọ́ ènìyàn mọ́.
Amọ̀ pupa. Amọ̀ pupa. Yangí.

Ọdún méjìdínlógójì ni mo fi kọ́ ọmọ ní sáyẹ́ǹsì
tí ẹfun ń kún mi nímú,
tí mò ń sọ fún wọn pé níbẹ̀rẹ̀, kò sí méjì.
Kò sí òkè tí a ó fi mọ ìsàlẹ̀. Ooru ni, ooru ṣáá.
Ó tutù díẹ̀, eruku mọ eruku,
wọ́n fà mọ́ra títí wọ́n fi gbaná.
Nínú ààrò ìràwọ̀ ni irin ti jinná.
Ìràwọ̀ kú, ó fọ́n ogún rẹ̀ ká bí bàbá tí kò ní àrólé.
Irin ẹnu ṣọ́bìrì Bùráímọ̀, irin inú ẹ̀jẹ̀ Bùráímọ̀,
ọmọ ìyá ni wọ́n:
ọ̀kan ń gbẹ́lẹ̀, ọ̀kan ń làágùn.

Ó pẹ́. Ó pẹ́ gan-an. Nínú omi, kiní kékeré kan
gbé kiní kékeré mìíràn mì, kò dà nínú rẹ̀.
Ẹni tí wọ́n fẹ́ jẹ di ayálégbé, ayálégbé di ẹbí.
Bí kì í bá ṣe inú tó kọ oúnjẹ lọ́jọ́ náà,
kò sí ewé, kò sí ewúrẹ́, kò sí Ògbómọ̀ṣọ́,
kò sí èmi tí mò ń ná iye ẹsẹ̀ bàtà kan.

Ẹ wo okùn tó so ọkùnrin yìí ró.
Fọ́nrán kan kò lè gbé ológoṣẹ́.
A lọ́ ọ mọ́ èkejì, ó gbé korobá;
a tún lọ́ ọ, ó gbé Bùráímọ̀,
ó gbé ọmọ márùn-ún tó ń retí rẹ̀ ní Arówómọ́lẹ̀.
Báyìí náà ni ààrò di agbo-ilé, agbo-ilé di ìlú.
Àmọ́ ohun tí a lọ́ ló ń tú. Òkúta kì í tú.
Lóṣù tó kọjá, waya kan já nídìí ọ̀pó,
gbogbo àdúgbò padà sídìí àtùpà,
mo sì gbọ́ bí òkùnkùn ṣe dàgbà jù wá lọ.

Mọ́kànléláàádọ́ta. Òkúta tó ń tàn yẹ́ríyẹ́rí, kò sómi.
Ìyàwó mi ti ń wojú mi.
Ìbídùn, ọmọ-ọmọ mi, tan iná fóònù sínú ihò,
ó dọ̀bálẹ̀ sétí rẹ̀, ó pariwo:
“Bàbá, ṣé omi wà níbẹ̀?”

Bílíọ̀nù ọdún lọ́nà mẹ́tàlá àti lé,
kí ooru tí kò lẹ́nu tó di ẹni tó ń bi òkúta léèrè.

Ohùn kan gòkè wá, ó rin gbindin:
“Ó ti ń sun o. Ẹ sọ korobá sí mi.
Owó ẹsẹ̀ bàtà méje tó lé yẹn,
a ó jọ sọ ọ́ tí mo bá jáde.”